Ibi Tí Ọfà GPS Yín Gbé Wa Lọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀yin tí n kò lè béèrè lọ́wọ́ yín mọ́ bóyá ẹ jí ire, ọmọ yín kí yín o. Inú ọkọ̀ yín ni mo jókòó sí níwájú mọ́ṣáláṣí, mò ń dúró de àwọn ọmọ kí wọ́n jáde ní ilé-kéwú. Ó rẹ̀ mí, Bàbá. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun lè mú lọ. Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lánàá, bí n kò bá sì sọ ọ́ fún yín, n kò mọ ẹni tí n ó sọ ọ́ fún, torí ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Mo ya ewé mẹ́rin nínú ìwé àṣetiléwá ọmọ-ọmọ yín, mo gbé e lé orí sítíárì. Bí ó bá bèèrè, n ó ní n kò mọ̀.

Àkọ́kọ́ ná, Màámi ti jáde opó. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ló pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ó ṣe é bó ṣe yẹ, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò lé tìróò, kò fín lọ́fínńdà, kò kọjá ẹnu ọ̀nà àfi ọjọ́ tí ó lọ rí dókítà nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn ìyá mọ́ṣáláṣí wá, wọ́n ṣàdúà, wọ́n jẹun, wọ́n lọ. N kò tíì palẹ̀ àwo mọ́ tí ó fi pè mí wọ yàrá. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo ni òun fẹ́ lọ́wọ́ mi, òun kò fẹ́ aṣọ, òun kò fẹ́ ìrìnàjò, kí n sáà gbé òun lọ síbi tí wọ́n tẹ́ ọkọ òun sí. Ó ní láti oṣù mẹ́rin ni òun ti ń sùn, tí òun kò mọ apá ibi tí ọkọ òun wà. Bí ó ti ń sọ ọ́ kò sunkún. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

Bàbá, ẹ má bínú sí mi. N kò mọ ibẹ̀.

Ẹ mọ bó ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n kírun sí yín lára tán, àwọn ọkùnrin ló gbé yín lọ. Àwa obìnrin dúró sílé, à ń dín ẹran, à ń da omi, à ń gba àlejò. Ẹnì kan sọ orúkọ ìlú tí itẹ́ òkú náà wà fún mi lọ́jọ́ náà, mo mi orí bí ẹni tó gbọ́, ṣùgbọ́n orí tí mo mì yẹn kò gba nǹkan kan dúró. Oṣù kan kọjá, ojú ń tì mí láti bèèrè. Báwo ni àkọ́bí á ṣe máa bèèrè káàkiri pé níbo lẹ sin bàbá mi sí? Oṣù kejì wọlé, mo ní n ó bèèrè lọ́la. Ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kí lọ́la dé, nítorí pé bí ẹnì kan kò bá wá síṣẹ́, èmi ni wọ́n máa ń pè, n kì í sì í mọ bí wọ́n ti í sọ pé rárá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Ràṣídì àbúrò mi nìkan ló mọ̀ ọ́n dáadáa nínú wa, òun ló wọ inú sàréè gbà yín. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn náà ló wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Ọsirélíà, bí gbogbo ọ̀dọ́ ìlú yìí ṣe ń lọ. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó fọkàn wa balẹ̀. Ó ní wọn kì í mọ òkúta ńlá sórí sàréè wa níbẹ̀, igi kékeré olónọ́ńbà ni wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì jọra. Ó ní nítorí bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe mú GPS yín, ẹ̀rọ tó ń júwe ọ̀nà, dání lọ́jọ́ náà, tí òun tọ́jú ojú ibẹ̀ sínú rẹ̀, òun sì ti gbé e sínú press, kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì. Nítorí náà, Màámi kò rí ìdí kankan tí mo fi ń fà sẹ́yìn. Ṣebí ọ̀nà ti wà nínú press.

GPS ọwọ́ yẹn, Bàbá! Òyìnbó tó máa ń gun òkè, tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Damastown, ló fún yín nígbà tó ń fẹ̀yìn tì. Yoke lẹ̀ ń pè é, bí àwọn ará ibí ṣe ń pe ohunkóhun tí wọ́n bá gbàgbé orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin kò gun òkè kankan o. Kíbúlà lẹ fi ń wá. Ẹ tọ́jú Kaaba sínú rẹ̀, ibikíbi tí ìrun bá ti ká yín mọ́ lóde, ẹ óò yọ ọ́ lápò, ẹ óò gbé e sókè kó máa rí ojú ọ̀run, ẹ óò wá dúró. Nínú òjò, ẹ óò dúró. Ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó lè gba márùn-ún, kó tó rí sátẹ́láìtì rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọfà inú rẹ̀ yóò yí, tí yóò sì tọ́ka. Bó ṣe ibi tí ẹ kírun sí lánàá ni, ẹ óò tún wò ó lónìí. Ẹ ní ènìyàn kì í fi àṣà kírun. Mo máa ń bú sẹ́rìn-ín, mo máa ń sọ pé Mẹ́kà kò ṣáà ní ṣí kúrò níbi tó wà láàárín òru.

Láàárọ̀ àná ni mo yọ ọ́ nínú press. Bátìrì inú rẹ̀ ti ṣomi, ó ti hu èépá funfun sí ẹnu wáyà. Mo fi òwú tọ́ sínú fínígà, mo ha á, mo nù ún, mo yọ bátìrì rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sínú rẹ̀. Ó tàn. Mo lọ sídìí búùtù, mo rí ike tí wọ́n fi ń gbé e kọ́ iwájú ọkọ̀, èyí tó ní rọ́bà róbótó tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Bàbá, rọ́bà yẹn fìyà jẹ mí. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, ó já bọ́. Mo tutọ́ sí i, mo tẹ̀ ẹ́, mo ka ogún, ó já bọ́, ó há sábẹ́ búréèkì. Òtútù ló mú gíláàsì. Ní gbogbo àkókò yìí, Màámi ti jókòó síwájú pẹ̀lú híjáàbù funfun, ìwé Yásíìnì lórí ẹsẹ̀. Ẹ mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ìyàwó yín, ó máa ń wúwo ju èébú lọ. Mo wọlé, mo se omi, mo ti rọ́bà bọ inú kọ́ọ̀pù omi gbígbóná títí ó fi rọ̀, mo sáré gbé e jáde bí ẹni tó gbé ẹ̀kọ mímu. Ìgbà yẹn ló tó dì í mú.

Mo wá tan yoke yín, mo dúró bí ẹ ti máa ń dúró. Nígbà tó rí sátẹ́láìtì rẹ̀, mo ṣí ibi tí ó ń tọ́jú ojú ibi sí. Mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. KAABA. ILE. BABA. Èmi tí mo ti ń kanra láti àárọ̀, mo rora fi ìka nu ojú rẹ̀. Mo tẹ BABA. Ọfà yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó tọ́ka gba orí òrùlé aládùúgbò wa kọjá, ó ní kìlómítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Màámi ní ẹ jìnnà, kò yani lẹ́nu tí àwọn ọkùnrin kò fi tètè dé lọ́jọ́ náà.

Mo tẹ̀lé ọfà. Ọfà kò mọ ògiri, Bàbá. Ó mú wa wọ òpópónà kan ní àdúgbò Clondalkin, ògiri dí i lópin, a yí padà. Ó mú wa wọ òmíràn, ògiri ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tọ́ka gba àárín ilé ìtajà búrẹ́dì kan, Màámi sì bi mí léèrè bóyá abẹ́ ibi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì ni wọ́n sin ọkọ òun sí. N kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo wọ ilé epo kan, mo pa ọkọ̀, mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì tó wà lára rẹ̀ títí mo fi rí i. Ẹ̀yin lẹ ṣètò rẹ̀ kó máa tọ́ka tààrà, kó má wo ọ̀nà mọ́tò rárá. Ó bọ́gbọ́n mu. Ta ló ń wa mọ́tò lọ sí Kíbúlà? Mo yí i padà sí ojú títì, ìlà búlúù sì yọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo wá rora tọ ìlà náà.

Títì ńlá M50 ló gbé wa gbà, lọ sí ìhà àríwá. Nígbà tí a dé ibi tí ẹ ti máa ń yà sí Damastown, Màámi pòṣé, ó kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, torí ẹ̀yin kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, gbogbo ayé wá kí wa àfi àwọn ará ibi iṣẹ́ yín. Ọ̀gá kan kò wá. Ẹnì kan kò fi káàdì ránṣẹ́. Ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógún! Màámi gbé e sọ́kàn. Ní gbogbo Àsùbáà, tí ó bá ti ṣàdúà fún yín tán, ó máa ń gbé ọwọ́ sókè padà, ó máa ń kó wọn lé Ọlọ́run lọ́wọ́, láti orí ọ̀gá pátápátá dé orí ẹni tó ń ṣí géètì. Èmi náà ń ṣe àmí.

A kọjá títì ńlá, a yà, pápá bẹ̀rẹ̀, òkun yọ lápá ọ̀tún. Mo rí àkọlé ìlú Rush. Mo ní áà, ayé mà kéré o. Ibẹ̀ ni ẹ ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tí ìwé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, mo wà ní kíláàsì kẹta. Ẹ̀ ń kó kábéèjì, ẹ̀ ń fa liiki, èyí tó dà bí àlùbọ́sà eléwé tó sanra. Ìrọ̀lẹ́ lẹ máa ń dé, ẹ kì í lè nàró. Màámi á fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná tẹ̀ yín lẹ́yìn lórí ilẹ̀ pálọ̀. Lọ́jọ́ tí Damastown gbà yín, ẹ dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ̀yìn yín kò ní tẹ̀ mọ́ nínú oko olóko láé. Mo rántí rẹ̀ torí pé mo gun ẹ̀yìn yín níbi tí ẹ dọ̀bálẹ̀ sí, ẹ kò sì lé mi. Mo ro gbogbo ìyẹn bí mo ti ń wa ọkọ̀ lọ. Mo rò pé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni itẹ́ náà wà ni.

Yoke yín dún fíìn, ó ní a ti dé. Ọ̀nà tóóró kan ni, géètì onírin, ilé ọ̀rá gígùn mẹ́ta tí wọ́n ń gbin nǹkan sí, pápá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ ní ebè gbọọrọ gbọọrọ, wọ́n sì ta aṣọ funfun bo díẹ̀ níbẹ̀ nítorí òtútù. Kí n tó pa ẹ́ńjìnnì, Màámi ti sọ̀ kalẹ̀. Ó rí ebè, ó rí aṣọ funfun. Ó bọ́ bàtà. Ó kí yín ní sàlámọ̀, ó jókòó sórí ilẹ̀ tútù yẹn, ó ṣí Yásíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á.

Èmi dúró. Mo ń wá igi olónọ́ńbà, n kò rí i. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo tẹ̀ síwájú, mo ká etí aṣọ funfun náà sókè, ewé liiki ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá, n kò lè là á fún un. Omi ojú rẹ̀ ti ń bọ́ sójú ìwé, ohun tó ti ń dúró dè láti oṣù mẹ́rin ló ń ṣe. Mo jẹ́ kí ìyàwó yín ka ìdajì Yásíìnì fún liiki. Ẹ foríjìn mí. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà ì bá ti jẹ́ kó kà á.

Ìyá òyìnbó kan jáde láti inú ilé ọ̀rá, ó ti tó ẹgbẹ́ Màámi, ó wọ ìbọ̀wọ́, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún. Mo ti ń wá ẹ̀bẹ̀ tí n ó bẹ̀ ẹ́ pé a wọ ilẹ̀ rẹ̀. Kò tilẹ̀ wò mí. Ọkọ̀ yín ló ń wò. Ó rìn yí i ká, ó sì bi mí pé Aláájì dà. Aláájì, bó ṣe pè é nìyẹn, bí ẹni tí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ́. Ó ní òun ti ń pe fóònù yín láti oṣù mẹ́rin, kò lọ. Ó ní òun rò pé ẹ ti padà sílé ni, ó sì dun òun pé ẹ kò dágbére, torí ẹ kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Èmi ni mo sọ fún un, Bàbá. Láàárín ẹrẹ̀, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó dì wọ́n mú, ó ń sọ pé grand man, grand man. Àwọn ènìyàn ìlú yìí, gbogbo nǹkan tó bá dára ló máa ń jẹ́ grand fún wọn, tíì jẹ́ grand, òjò jẹ́ grand. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ ọ́ lánàá, mo mọ̀ pé ó dé inú rẹ̀.

Ọdún kan àbọ̀ ni ó ní ẹ fi bá òun ṣiṣẹ́. Damastown ti dá àwọn àgbà sílẹ̀, ẹ̀yin náà wà nínú wọn, ẹ sì padà wá síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó ní ẹ máa ń sọ pé bí ẹ bá ti rí iṣẹ́ mìíràn, ẹ óò sọ fún àwọn ará ilé. Ẹ̀ ń wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè Damastown kúrò nílé láràárọ̀, ẹ̀ ń bọ́ ọ lórí ọ̀nà, ẹ̀ ń kó bàtà òjò yín pa mọ́ sí ilé ọ̀rá. Kí ló dé, Bàbá? Ta ni ì bá fi yín ṣẹlẹ́yà? Ṣé Màámi? Ṣé èmi ni?

Ó lè jẹ́ èmi ni. Ẹ rántí ọjọ́rú yẹn. Mo ní kí ẹ bá mi lọ kó àwọn ọmọ, ẹ wà lórí àga, ẹ ní ó rẹ̀ yín díẹ̀. Mo dúró lé yín lórí. Mo ní kí ló rẹni nínú kéèyàn dúró síwájú bẹ́líìtì kó máa lẹ ìwé mọ́ páálí? Mo ní àwa tí à ń gbé arúgbó ró láti àárọ̀ ńkọ́, ẹnu ta ni ẹ ti gbọ́ ọ pé ó rẹ̀ wá? Ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ wọ bàtà, ẹ lọ kó wọn. N kò wo àtẹ́lẹwọ́ yẹn pẹ̀lú yín. Èmi tí mo ń wo ọwọ́ arúgbó ẹlẹ́ni ẹlẹ́ni lójoojúmọ́, tí mò ń gé èékánná wọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé Màámi, ó pa Yásíìnì dé. Mo rò pé yóò ṣubú. Kàkà bẹ́ẹ̀, inú bí i. Ó ní hàáà! Ó ní gbogbo èpè tí òun ti ń ṣẹ́ fún àwọn aláìmọwọ́mẹsẹ̀ láti oṣù mẹ́rin, ta ni yóò bá òun kó o padà? Ó ní ọkùnrin yìí, ẹ wo ohun tí ọkùnrin yìí fi òun ṣe níwájú Ọlọ́run. Ó bínú sí yín gan-an, Bàbá, ó pè yín ní gbogbo orúkọ. Ìyá òyìnbó náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn tó bínú tán, ó ní kí n bá òun bèèrè ibi tí ẹ ti máa ń kírun.

Àárín ilé ọ̀rá kejì àti ìkẹta ni. Ẹ gbé pákó páléètì kan kalẹ̀, ẹ tẹ́ páálí sí i, ẹ ká a lẹ́tí dáadáa. Kò sí ẹni tó gbé e kúrò níbẹ̀. Ìyá náà ní ẹ máa ń dúró nínú òjò pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́, òun máa ń sọ fún yín pé ibì kan náà ni pẹ̀lú tàná, ẹ óò sì gbé ìka sókè pé kí òun ní sùúrù. Màámi kí rákà méjì lórí páléètì yẹn. Kò wọ bàtà padà kó tó wọ mọ́tò. Ìyá náà kó liiki kún ọ̀rá fún wa, mo gba flásíkì yín àti bàtà òjò yín.

Inú mọ́tò ni mo ti pe Ràṣídì, ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wọn, ó jàjà gbé e. Nígbà tí mo sọ ibi tí a wà fún un, ó ní kí n tún un sọ. Ó ní lójú sàréè lọ́jọ́ náà, àwọn ènìyàn ti gbá ṣọ́bìrì mú, òun kò rí iwájú nítorí ẹkún, òun yọ ẹ̀rọ náà lápò, òun tàn án, òun tẹ bọ́tìnnì, òun dá a padà sápò. Kò dúró. Ẹ̀rọ náà kò tíì rí ojú ọ̀run, ibi tó mọ̀ kẹ́yìn ló tọ́jú, ìyẹn ibi tí ẹ ti dúró dè é fún Àlàásárì ní ọjọ́ Sátidé, tí àìsàn wá gbé yín ṣánlẹ̀ nílé ní ọjọ́ Àìkú. Ràṣídì ń sunkún, ó ń bẹ Màámi. Màámi ní kó lọ sùn, kó jẹun kó tó sùn.

Ó sọ orúkọ itẹ́ náà fún mi. Bàbá, kò tó ogún ìṣẹ́jú sí ilé yín! A fi gbogbo ọ̀sán wakọ̀ lọ sétí òkun, ẹ̀yin wà nítòsí ilé. A dé kó tó di pé wọ́n ti géètì, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ wo nọ́ńbà yín nínú ìwé, ó sì mú wa débẹ̀ ní ẹsẹ̀. Ilẹ̀ náà ti wọlẹ̀ díẹ̀, koríko ti ń hù. Ẹ̀ ń kọjú sí Kíbúlà, wọ́n tẹ́ yín dáadáa, ẹ má mikàn.

Mo ń retí kí Màámi ṣí Yásíìnì. Mo ń retí ẹkún, mo ti ń wá ibi tí n ó ti di í mú. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ nígbà tí ẹ bá wọlé nírọ̀lẹ́, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó ní ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ràṣídì. Ìyẹn nìkan. Ó dúró bí ẹni tó ń retí èsì, ó wá na ọwọ́ sí mi kí n gbé òun dìde.

Èmi náà la ẹnu. Kò jáde. Mo ti kí àwọn arúgbó tí n kò bá tan ní ẹ kú iṣẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, wọn ò ṣiṣẹ́ kankan. Ọdún kan àbọ̀ lẹ fi ń ti oko olóko bọ̀, mo ń ṣílẹ̀kùn fún yín, mo ń bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi pẹ́.

Àwọn ọmọ ti ń jáde. Mo rí wọn níwájú ilẹ̀kùn, wọ́n ń wá mọ́tò.

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ kú òtútù, ẹ kú òjò, ẹ kú ìnira. Ẹ kú iṣẹ́.

Èmi ni, ọmọ yín àgbà, tó yẹ kó ti kí yín kí ẹ tó jókòó.